Bàtà Ítálì tí Wọ́n Rán ní Lanús

Bí pésò, owó ilẹ̀ Argentina, ṣe ń já wálẹ̀ bí àgbọn tó gbó, inú Evaristo oníbàtà nílùú Lanús ń dùn. Ó ti pẹ́ tí bàtà òkèèrè ti ń ya wọ Argentina lọ́pọ̀ yanturu, tiẹ̀ ò tà mọ́, aláǹtakùn ló kù tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Kó má baà ta ẹ̀rọ ìránbàtà ẹ̀ jẹun, ó ní kí wọ́n rọ òǹtẹ̀ irin kan fóun, ó wá ń fi iná tẹ ITALIA sábẹ́ gbogbo bàtà tó bá rán. Àwọn èèyàn rà á. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn ń gbóòórùn Ítálì níbẹ̀.

Nígbà tí dọ́là wá fò sókè, bàtà òkèèrè di wò-ó-kó-o-máa-lọ. Ni Zulema, alájàpá bàtà láti Buenos Aires, bá wọlé.

"Ọ̀gá, bàtà tí wọ́n rán nílẹ̀ yìí ni mò ń wá. Igba ni mo fẹ́."

Evaristo gbé ọ̀kan fún un. Obìnrin náà yí i dé. "Ítálì kẹ̀? O fẹ́ gba owó dọ́là lọ́wọ́ mi, gbájúẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́ màmá, èmi ni mo rán an! Irọ́ ni mo pa!"

"Rán ọ̀kan lójú mi."

Ó gé awọ, ó lẹ̀ ẹ́, ó rán an. Bó ṣe parí, ọwọ́ tí ò gbọ́ràn bá gbé òǹtẹ̀ gbígbóná, ṣàà! ITALIA.

Zulema rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó bèèrè iye. Ẹ̀rín tán.

"Màálù tiwa, awọ tiwa, kí ló dé tí bàtà ẹ ń sọ̀rọ̀ dọ́là?"

"Ṣé màálù ń su gọ́ọ̀mù ni? Òwú ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Òkèèrè ni gbogbo wọn ti ń wá."

Wọ́n nájà, wọ́n bú ara wọn, wọ́n gbà.

"Ṣùgbọ́n yọ Ítálì yẹn kúrò, kó o fún un lórúkọ míì. Bàtà tí ò lórúkọ, ta ló máa rà á?"

Òǹtẹ̀ tuntun ńkọ́? Irin òkèèrè, owó dọ́là. Evaristo bá fi ayùn ha I àkọ́kọ́ dànù lára òǹtẹ̀ àtijọ́. Ó ku TALIA. Zulema ní orúkọ obìnrin ni, ó sì dùn lẹ́nu.

Ìyàwó Evaristo, Nélida, kì í dé ṣọ́ọ̀bù, torí òórùn gọ́ọ̀mù máa ń fọ́ ọ lórí. Lọ́jọ́ tí bàtà pé, ó gbé empanada gbígbóná, mítípáì ilẹ̀ wọn, wá kí ọkọ ẹ̀. Ó gbé bàtà kan wò. Ó gbé òmíì. Ó gbé òmíì sí i.

"Evaristo! Ta ni Talia?"

"Nélida mi, Ítálì ni! Mo fi Ọlọ́run búra, Ítálì ni!"

"Yéè! Ó tún wá jẹ́ ará Ítálì!"

Etí ọ̀tún ẹ̀ ni empanada àkọ́kọ́ bà.