Orí Òpó Ẹlẹ́yẹlé

Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ní pálọ̀ Ọmọ́wùnmí, ní àdúgbò Ìjàpọ̀ nílùú Àkúrẹ́, àfi kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rìn láàárín òpó. Kì í ṣe òpó tó gbé ilé dúró ni mò ń wí o. Orí òpó ni, àwọn tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi ìrókò gbẹ́ nígbà tí owó kòkó ṣì ń fọhùn, tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè gbójú sókè kó sì mọ̀ pé olówó ló nilé. Èyí tó ní òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó ní ojú kìnnìún wà nídìí fìríìjì. Ilẹ̀kùn alápá méjì kan, tí wọ́n tú nílé kan tó wó ní Ìgbàrà-Òkè, fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì sí yàrá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kíkẹ́, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ bíbí Àkúrẹ́, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bi í pé, "Ìyá Tóbilọ́ba, ṣé ulé rèé àbí ìsọ̀ pákó?"

Ọmọ́wùnmí kì í bínú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Tóbilọ́ba ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun, ẹni tí kò bá sì ní ọmọ ọmọ nítòsí yóò wá nǹkan tí yóò máa nu ní òwúrọ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń lu ẹrù ilé àtijọ́ ní gbàǹjo, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ohun tí kò sọ fún Kíkẹ́ ni pé gbogbo èyí tó rà, arọ́pò lásán ni wọ́n. Orí òpó kan ṣoṣo ló wù ú láyé, kò sì ṣeé rà, nítorí pé ó ṣì wà lórí ilé baba rẹ̀ ní Yàbá, nílùú Oǹdó.

Àgbẹ̀ kòkó ni baba náà. Ìyàwó mẹ́rin ló ní, nígbà tó sì fẹ́ kọ́lé, ó ní kí òpó mẹ́rin dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lórí rẹ̀. Ìyálé ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni tòun. Ìyàwó kejì ní kòkó ni, ọkọ sì rẹ́rìn-ín nítorí ó mọ̀ pé òun ló ń pọ́n. Ìyá Ọmọ́wùnmí, tó jẹ́ ìkẹta, ní ẹyẹlé ni. Ìyàwó kẹrin kò tíì pinnu nígbà tí ìjà dé láàárín òun àti ọkọ. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gba ilé àwọn èèyàn rẹ̀ lọ ní Ìpogun, ó sì fi ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sílẹ̀. Oríọlá ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Òpó ìyá rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀, wọn kò gbẹ́ nǹkan kan sí i lórí.

Ìdí òpó ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń dirun, ibẹ̀ ló ti ń ká ẹsẹ̀ rò nígbà tí ìrònú bá dé. Òfin kan sì wà nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ: ọmọ kì í fẹ̀yìn ti òpó orogún ìyá rẹ̀. Bí ọmọ bá gbàgbé, wọn kò ní pariwo lé e lórí. Wọ́n á kàn wò ó títí yóò fi dìde.

Títí dòní, bí Ọmọ́wùnmí bá di ojú, ó ń gbọ́ òórùn kòkó tó ń gbẹ lórí ẹní nísàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ á na ẹsẹ̀, òun á gbé orí lé e, á sì máa wo ẹyẹlé náà lókè, tó tẹ orí sínú ìyẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò baba rẹ̀ kan tó jẹ́ tíṣà wá mú un lọ sí Àkúrẹ́ kó lè kàwé. Ó kàwé lóòótọ́. Ìgbà ọlidé ló kọ́kọ́ ń padà wálé, nígbà tó yá ó di ọdún Kérésì, nígbà tó tún yá ó di owó tó ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó wá, ó sin ín sin ire, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún yẹn gan-an ló ra orí òpó àkọ́kọ́.

Ó ti mọ̀ pé ẹbí fẹ́ ta ilé náà fún ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé epo. Ó tiẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọn yóò lu igi ara rẹ̀ ní gbàǹjo. Májẹ́kódùnmí onígbàǹjo, tó mọ̀ ọ́n sí oníbàárà dáadáa, ló pè é lórí fóònù pé orí òpó mẹ́rin ń bọ̀ ní Yàbá lọ́jọ́ Sátidé, pé àwọn ọmọ olóògbé ní kí òun tà wọ́n kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, lè pín owó rẹ̀ láìsí ìjà. Kò mọ̀ pé ilé baba ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ́wùnmí gbé fóònù sílẹ̀, ó sì rántí pé Oríọlá ti pe òun lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀ náà, tí òun kò gbé e. Oríọlá ń ṣoko kòkó ní Bọ́lọ́rundúró. Kì í pe èèyàn láìnídìí, ìdí náà kì í sì í jìnnà sí oògùn kòkó tàbí òrùlé tó ń jò. Inú bí i díẹ̀ pé ó mọ̀ọ́n pè nítorí owó, kò sì mọ̀ ọ́n pè nítorí gbàǹjo.

Ọmọ́wùnmí mọ ọjà. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan wu òun, ó ti rà á ní ọ̀wọ́n kó tó ṣí pọ́ọ̀sì. Bí àwọn ọmọ baba rẹ̀ bá fojú kàn án níbẹ̀, wọ́n á ní olówó Àkúrẹ́ dé, ẹyẹlé á sì fò lọ sókè. Ó wá bá Kìtán gbìmọ̀, káfíńtà tó máa ń fi pikọ́ọ̀pù kó ẹrù fún un. Kìtán ni yóò dúró láàárín èrò. Òun yóò jókòó sínú ọkọ̀ lódìkejì títì, pẹ̀lú gèlè tó bò dé ìpéǹpéjú àti awò dúdú. Bí gíláàsì ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, kí Kìtán máa fi owó lé e. Bó bá gbé e sókè, kó dákẹ́. Wọ́n ti dá ọgbọ́n yìí níbi púpọ̀, kò sì tíì já wọn kulẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí wọ́n kọjá Bọ́lọ́rundúró, ó wo ọ̀nà oko tó lọ sí ilé Oríọlá, ó sì kọjú síwájú.

Wọ́n ti ṣí páànù ilé náà kí wọ́n tó dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè dúró gbayawu, ẹni tó bá ń kọjá lè rí àmì ibi tí àwọn obìnrin náà ń gbé àtùpà kọ́ lára ògiri. Orí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀ lórí tapólì. Ọmọ́wùnmí wá ẹyẹlé náà títí, àfi ìgbà tó rí i pé òun ti ń wò ó láti àárọ̀. Ó kéré. Láyé ọjọ́un, bó bá gbójú sókè, ẹyẹ ńlá ni; nílẹ̀ yìí, kò ju ẹyẹlé gidi lọ. Omi gba ojú rẹ̀ lábẹ́ awò dúdú, ó sì dúpẹ́ pé Kìtán kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ọkùnrin kan tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Èkó ló ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òun náà ló ra kòkó. Nígbà tó kan ẹyẹlé, òun àti Kìtán fà á díẹ̀, lẹ́yìn náà ará Èkó náà yọwọ́. Ọmọ́wùnmí mí kanlẹ̀. Àfi bí ohùn kan ṣe dé láti ibi tí àwọn ọmọ ilé dúró sí. Oríọlá ni, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi owó lé e.

Ara Ọmọ́wùnmí gbóná. Kí ni ọmọ òpó tí kò ní nǹkan lórí fẹ́ fi òpó ìyá òun ṣe? Lójú rẹ̀, owú ilé olórogún ló jí dìde, tàbí kẹ̀, ó fẹ́ rà á kó lè tún un tà fún ará Èkó. Ó jẹ́ kí gíláàsì wà nílẹ̀. Kìtán fi kún un, Oríọlá fi kún un. Kìtán tún fi kún un. Ohùn Oríọlá ń lọ sílẹ̀ bí owó ṣe ń lọ sókè, títí ó fi kó ọwọ́ sápò tí kò rí nǹkan mú jáde mọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Májẹ́kódùnmí ní òun kì í gba kọ́kọ́rọ́. Ọláyẹmí, ọmọ ìyálé, fà á láṣọ, ó ní kó fi sílẹ̀, pé igi lásán ni.

"Kì í ṣe igi lásán," ni Oríọlá wí, kò sì pariwo. "Ìdí ẹ̀ ni Ìyé tó ni ín ti wò mí dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Àkúrẹ́, wọ́n ń ra orí òpó olórí òpó káàkiri, gbogbo wa la sì mọ èyí tí wọ́n ń wá. Mo pè wọ́n títí, wọn ò gbé e, bóyá ara wọn ò yá. Ṣé kí wọ́n wá délé, kí wọ́n gbọ́ pé a dúró níbí, a jẹ́ kí ará Èkó gbé ìyá wọn lọ?"

Ìka tó fi ń tọ́ka, Kìtán ló nà án sí, ó rò pé ará Èkó ni òun náà.

Ọmọ́wùnmí gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé gíláàsì wà nílẹ̀. Ohun tó sì wá sí i lọ́kàn ni ìrọ̀lẹ́ kan tí kò rántí mọ́ láti ọjọ́ yìí. Oríọlá ṣì kéré. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí, kì í fẹ̀yìn ti ibì kankan, nítorí pé kò sẹ́ni tó wà nídìí òpó tirẹ̀. Ìyá òun wò ó, wò ó, ó ní, "Oríọlá, wá fẹ̀yìn ti èyí." Ọmọ náà wá. Òun sì fi ìgúnpá gún un níhà nítorí pé ó gba àyè òun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú òun lọ sí Àkúrẹ́, àyè náà sì di ti Oríọlá pátápátá. Oríọlá ló bá ìyá òun pọnmi, Oríọlá ló gbé e lọ sí ọsibítù, Oríọlá ló jókòó tì í lọ́jọ́ tó kú. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Ọmọ́wùnmí mọ̀ ní wákàtí yẹn èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹyẹlé. Ojú tì í.

Kìtán bojú wẹ̀yìn. Gíláàsì ṣì wà nílẹ̀. Ó ya ẹnu láti pe owó, àfi bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ṣí. Ilẹ̀kùn kò sí nínú àdéhùn wọn, nítorí náà ó pa ẹnu dé.

Ọmọ́wùnmí sọdá títì, ó bọ́ awò ojú. Ó sọ fún Májẹ́kódùnmí pé òun ni Kìtán ń bá ra ọjà, pé òun yọwọ́, kó jẹ́ kó wà ní iye tí àbúrò òun pè kẹ́yìn. Májẹ́kódùnmí kùn díẹ̀, bó ṣe yẹ onígbàǹjo, ṣùgbọ́n ó lu tábìlì, ó ní ó lọ. Oríọlá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Kìtán, ó wo ọkọ̀ tó wà lódìkejì. Ọ̀rọ̀ náà yé e. Ọmọ́wùnmí dúró de ìbínú tó tọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Oríọlá wí, "ṣé inú oòrùn yẹn lẹ jókòó sí láti àárọ̀?"

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó ti ń pa mọ́ láti ọdún tí ìyá rẹ̀ ti kú jáde. Ó sunkún lójú gbogbo ẹbí, lójú ará Èkó, gèlè rẹ̀ wọ́, kò sì tún un wé. Oríọlá gbé ẹyẹlé náà fún un pé tirẹ̀ ni. Ó kọ̀. Ó ní bó bá dé ilé òun, kò ní rí nǹkan kan gbé dúró. Ní ti owó, wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, kò kan èmi àti ẹ̀yin.

Ó wá ku orí òpó kan ṣoṣo nílẹ̀, èyí tí wọn kò gbẹ́ nǹkan kan sí. Májẹ́kódùnmí gbé e sókè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ará Èkó tiẹ̀ ti ń lọ. Ọmọ́wùnmí na ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, kò rán ẹnikẹ́ni, ó sì rà á.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Kìtán ti kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun sí iwájú ilé Oríọlá ní Bọ́lọ́rundúró, òpó méjì ló gbé e dúró. Ẹyẹlé wà lórí ọ̀kan. Èkejì wà bó ṣe wà. Lọ́jọ́ tí Ọmọ́wùnmí lọ wò ó, wọ́n sá kòkó síwájú ilé, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Oríọlá ti jókòó sídìí ẹyẹlé. Ọmọ́wùnmí wo òpó méjèèjì, kò mọ èyí tí òun lẹ́tọ̀ọ́ sí mọ́, ó wá rọra jókòó sí àárín, kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan.

Oríọlá wò ó, wò ó. Ó dìde, ó lọ jókòó sídìí òpó ìyá tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ wá fẹ̀yìn ti èyí."

Ó lọ. Ó fẹ̀yìn ti òpó tí kò ní nǹkan lórí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó sì ní kí Oríọlá sọ fún òun ohun tí ìyá àwọn máa ń sọ ní ìrọ̀lẹ́, láti ọdún tí wọ́n ti mú òun lọ.