Omi Ìwé

3.

…tí kò ní dí iṣẹ́ òòjọ́ yín lọ́wọ́. Másítà nínú bàọ́lọ́jì fún àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan. Ẹ̀kọ́ náà FLEXIBLE. Ẹ wá forúkọ sílẹ̀ ní Ìkòyí kí àyè tó tán.

(Ìdajì òkè ìwé yìí ti bá àkàrà lọ. Ẹ má bínú.)

4.

Memunat ló mú ìwé náà wálé. Tísà bàọ́lọ́jì ni, ìyàwó ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá Fàrídà. Ọkọ rẹ̀, Mọ̀núrù, akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan ní Tinúbú, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò bá lè túmọ̀.

MỌ̀NÚRÙ: Kí ni flexible?

MEMUNAT: Pé ó ń tẹ̀. Ó ń tẹ̀ síbi téèyàn bá fẹ́.

MỌ̀NÚRÙ: Kó tẹ̀ jìnnà sí oúnjẹ alẹ́ mi.

MEMUNAT: Ẹ óò máa jẹun, Bàbá Fàrídà.

MỌ̀NÚRÙ: Tó bá wá kán ńkọ́?

5.

ÌKÉDE

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó. Ìjọba ti kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rìn lójú títì kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

(Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi bírò kọ sábẹ́ rẹ̀: *Ṣé ká fò wá ni?*)

6.

Ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ náà kò tẹ̀. Memunat ló ń tẹ̀.

7.

Tanwíjí ni iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀: àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi tó bá dúró pẹ́. Ó fẹ́ fi hàn pé omi ewé dóńgóyárò lè pa wọ́n. Ó se ewé, ó sẹ́ ẹ sínú ìgò ńlá kan, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì ń bù díẹ̀ nínú rẹ̀ sí abọ́ tanwíjí.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí lòdì sófin. Bí wolé-wolé bá bá tanwíjí nílé ẹni, kóòtù ló kàn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Memunat kó tirẹ̀ sí. Mọ̀núrù ń sùn lórí wọn. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń sùn.

Ìgò omi ewé kò ráyè níbẹ̀. Ó gbé e sórí pẹpẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó.

8.

ALHÁJÀ ÀDÌJÁTÙ (ìyá Mọ̀núrù, ó ń tibi ìrun bọ̀): Ìyàwó, omi dúdú kí lèyí?

MEMUNAT (ó ń sáré lọ síléèwé): Omi ìwé mi ni, Alhájà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án o.

ALHÁJÀ: Omi ìwé! Alihamudulilahi!

9.

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ní ilé Ìmàle àtijọ́, omi ìwé kì í ṣe omi bàọ́lọ́jì. Ààfáà á kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sójú wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, onítọ̀hún á mu ún kí ọ̀nà rẹ̀ lè là. Hàntú nìyẹn. Ó máa ń dúdú.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Memunat dàgbà sí, ó yẹ kó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bàọ́lọ́jì ti gba gbogbo àyè inú orí rẹ̀.

10.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Tanwíjí kú pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Ọ̀pọ̀ kú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Àwọn kan kú. Bóyá ogbó ló pa wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Wọ́n ń jó.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: Wọ́n ti sanra.

10, lẹ́ẹ̀kejì.

*Ìyá Fàrídà, mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ibà ò ṣe mí láti oṣù tó kọjá. Mi ò mọ ohun tó fà á. — M.*

(Ó mọ̀.)

11.

*Memunat mi, mo ka èsì rẹ, mi ò lè jókòó. Oògùn ò ran ẹ̀fọn Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́! Ta ló rò ó? Mo ti ránṣẹ́ pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ìta wá síbi ìdánwò ẹnu rẹ ní Sátidé. Múra dáadáa. — Dókítà Ìbídùn, alábòójútó rẹ*

12.

Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn. Bí ó bá yege, ó ti gba Másítà nìyẹn, ohun tó ti ń fọkàn fẹ́ kó tó bí Fàrídà. Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, ọdún kan gbáko ni yóò tún ṣe. Kò sí agbára ọdún kan nínú ara rẹ̀ mọ́.

13.

(Ó sọnù. Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, Mọ̀núrù ló ń ráhùn nípa oúnjẹ.)

14.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìrọ̀lẹ́. Memunat lọ ra ìborùn tuntun ní Jankara nítorí ìdánwò ọ̀la. Ìgbà tó padà dé, ó bá Alhájà nídìí pẹpẹ. Ìgò wà ní ṣíṣí, kéègì kékeré wà lọ́wọ́ Alhájà.

MEMUNAT: Ẹ kú ilé, Alhájà. Kí lẹ ń dà síbẹ̀ yẹn?

ALHÁJÀ: Háà. O mà tètè dé.

MEMUNAT: Alhájà.

ALHÁJÀ: Má bínú, ọmọ mi. Àwa náà ń tọ́ ọ wò ni. Ọkọ ẹ ń mu ún nítorí promotion. Fàrídà ń mu ún nítorí common entrance. Èmi ń fi pa orúnkún. Hàntú tó korò tó báyìí, ojúlówó ni!

MEMUNAT: Hàntú?

ALHÁJÀ: Ó wá ń lọ sílẹ̀. Mo ní ṣé ojú mi báyìí lomi ìwé ọmọ mi máa tán kí ìdánwò tó dé? Ni mo bá ń bu nǹkan sí i.

MEMUNAT: Omi ẹ̀rọ?

ALHÁJÀ: Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Sámúsámù ni.

15.

Gbogbo ilé ló mọ kéègì yẹn. Mẹ́kà ni Alhájà ti gbé omi mímọ́ inú rẹ̀ bọ̀, ẹ̀yìn àpótí aṣọ rẹ̀ ló ń gbé. Kò bù ú fún aláìsàn, kò bù ú fún ìyá ìkókó. Ó ti sọ fún gbogbo wọn pé omi náà ni kí wọ́n fi tọ́ òun lẹ́nu lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ, kí wọ́n sì wọ́n ìyókù sára aṣọ tí wọ́n máa fi sin òun.

Memunat gba kéègì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúyẹ́.

16.

MEMUNAT: Alhájà, ọjọ́ tiyín wá ńkọ́?

ALHÁJÀ: Ikú ò tíì kọ̀wé sí mi. Ìdánwò tìẹ ló ti dájọ́.

17.

Inú bí i. Ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n. Nígbà tó yá ó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún. Alhájà ń fi etí ìborùn nù ún lójú, ó ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, omi náà ṣì kún.

18.

ÌDÍ TÍ TANWÍJÍ KÒ FI KÚ MỌ́

× Oògùn ò ran wọ́n mọ́.

× Oògùn náà ti di omi.

× Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi.

Èkíní ni Dókítà Ìbídùn ń fẹ́. Èkíní ni Másítà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Memunat fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún ẹ̀kẹta kọ, ó tún fagi lé e.

19.

Sátidé. Ìkòyí. Alhájà ní dandan, òun ń bá a lọ. Ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́. Nínú èdè òyìnbó, kò gbọ́ ju *good morning* lọ.

(Òyìnbó ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Bí a ṣe gbọ́ ọ sí nìyí.)

Ọ̀JỌ̀GBỌ́N: …iṣẹ́ tó dára gan-an ni, madam. Ìbéèrè kan ló kù. Láàárín gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, ṣé ẹlòmíràn fọwọ́ kan omi oògùn yìí?

DÓKÍTÀ ÌBÍDÙN: Rárá o, sà. Èmi fúnra mi—

Ọ̀JỌ̀GBỌ́N: Òun ni mo bi.

Memunat bojú wẹ̀yìn. Alhájà ń yí tẹ̀súbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

MEMUNAT: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyá mi ni.

Gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Alhájà rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.