Omi Abẹ́ Àpáta

Ooru funfun bo ẹnu ilé ẹ̀rọ, omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù hó nínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ta sí ara ògiri. Àwáwù fi aṣọ wé ọwọ́, ó na ọwọ́ wọ àárín ooru náà, ó pa ẹ́ńjìnì.

"Ìyá Ràsáàkì, ṣé ẹ fẹ́ bá mi lọ ògì ni, àbí ẹ fẹ́ bá mi sè é?" Àbíkẹ́ tó ń ta ògì ní ilé kejì ló sọ bẹ́ẹ̀, tòun ti agbọ̀n àgbàdo rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Bí o bá ń kánjú, gbé àgbàdo rẹ kó o máa lọ."

Àbíkẹ́ kò lọ. Ta ni kò mọ̀ ní Ìgbẹ́tì pé ẹ̀rọ ìlọta tí Jímọ̀ fi sílẹ̀ fún Àwáwù, opó rẹ̀, ti ń gbóná jù? Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò mi orí, ó ní ogbó ni, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí, Ládòkun, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń fi lọ́rì kó òkúta lọ sí Ìbàdàn, yóò yà wá gba owó kó lè bá a ra tuntun bọ̀. Owó Mẹ́kà Àwáwù ni owó náà. Bó bá fi ra ẹ̀rọ, kò ní í rí Mẹ́kà lọ́dún yìí, bóyá kò tilẹ̀ ní í dé ibẹ̀ láéláé. Bí kò bá sì rà á, àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò kó agbọ̀n wọn lọ síbòmíràn, wọn kò sì ní í padà.

Kò sí ohun tó ń bí i nínú tó ìfiṣòfò. Hóró àgbàdo tó bá dà sílẹ̀, ó ń ṣà á. Àkísà tó fi ń nu ẹ́ńjìnì, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti di tirẹ̀, omi abẹ́ àpáta, omi tó mọ́ bíi dígí, ló ń gun òkè lọ pọn fún un ní ìdájí. Kí ló kù tí kò ṣe?

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà, ó gbé kẹ́tù tó fi ń se omi àlùwàlá lásìkò ọyẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Omi ń kán tó, tó, bí ẹni pé kẹ́tù ń ṣahun. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ ẹnu rẹ̀, ohun líle dá a dúró. Ó ṣí ìdérí. Èèpo funfun bo inú rẹ̀, ó le koko bí òkúta tí wọ́n ń wà lórí òkè.

Ó fi igbá bu omi, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Bó ti kírun tán, sípánà ló mú.

Ó tú páìpù tí omi ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnì. Ihò tó yẹ kó gba àtàǹpàkò kò gba ọmọńdinrín mọ́. Èèpo funfun yẹn náà ló dí i; omi abẹ́ àpáta kan náà ló ń wọ inú àwọn méjèèjì.

Àwáwù dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó yẹ àwọn ìkòkò rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fi ń se omi lásán funfun nínú. Èyí tó ń fi omíkan se àgbo nínú rẹ̀ mọ́ nigínnigín.

"Àbíkẹ́, bá mi bu omíkan ògì wá. Bu púpọ̀."

"Ṣé inú ń run ẹ́ńjìnì ni?"

"Bù ú wá."

Inú kẹ́tù ló kọ́kọ́ dà á sí. Ìfófòó yọ, ó ń dún ṣíì, èèpo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò dúró gbọ́ ẹ̀rín Àbíkẹ́. Ó gbé ìyókù kaná, ó dà á sínú ẹ́ńjìnì, ó fi wáyà ha ibi tí ọwọ́ tó, ó tú u dànù, ó tún da òmíràn sí i. Omi funfun bíi wàrà ń ṣàn gba ẹnu ọ̀nà. Ó ṣe é títí oòrùn fi yí, títí awọ ìka rẹ̀ fi hunjọ. Lẹ́yìn náà ló fi omi abẹ́ àpáta sílẹ̀, ó lọ pọn omi odò tó pupa, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó sì rọ ọ́ kún dúrọ́ọ̀mù.

Ládòkun wọlé pẹ̀lú eruku òkúta lórí. "Ìyàwó wa, owó dà? Ilẹ̀ ń ṣú lọ."

"Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ ná, ọkọ mi."

Ó tan ẹ̀rọ. Ó lọ àgbàdo Àbíkẹ́, ó lọ ti àwọn tó ti fi agbọ̀n wọn sílẹ̀ láti àárọ̀, kò sì sinmi láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dúrọ́ọ̀mù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ládòkun náà gbé tirẹ̀ lé e, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

"Kí ni kí n wí fún ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ tuntun fún wa?"

"Ẹ ní kó tà á fún ẹlòmíràn. Mẹ́kà ni mò ń lọ."

Ládòkun bojú wo inú dúrọ́ọ̀mù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Omi odò rèé! Ìwọ tó o máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí rẹ̀, pé ọ̀lẹ ni kì í jẹ́ kó gun òkè!"

Àwáwù bojú wo omi náà. Òótọ́ ni. Ní gbogbo ọdún tí Jímọ̀ fi lo ẹ̀rọ yìí, omi pupa ló ń bù sí i, kò sì gbóná jù rí. Bí òun bá pè é ní ọ̀lẹ, kì í wí àwíjàre, ẹ̀rín ló máa ń rín. Bóyá ó mọ̀. Bóyá ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn ún.

Ó gbé garawa, ó sì gba ọ̀nà odò lọ láti pọn omi àárọ̀ ọ̀la.