Súwíìtì Ẹnu Ọ̀gá Agbọ́tí

"Ọtí kíkan lásán ni! Ẹni tó bá gbé èyí síwájú àlejò, ilé oúnjẹ yìí ló fẹ́ bà jẹ́!"

Bí Ọ̀gá Agbọ́tí ṣe ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ló ń da ife wáìnì funfun tí mo yàn nù sínú síǹkì. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń fọ abọ́ nídìí síǹkì yẹn, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ nípa ọtí. Bí ife bá ti yàrá ìjẹun dé, màá gbóòórùn rẹ̀, màá tọ́ ìwọ̀nba tó kù wò, màá sì wo ohun tí wọ́n jẹ kù nínú abọ́ tó bá a wọlé. Wáìnì aládùn tí Ọ̀gá ń fún àwọn tó ń jẹ ẹja, ìdajì rẹ̀ ló máa ń padà wá bá mi.

Mo sọ ọ́ fún Màmá tó ni ilé oúnjẹ. Ó ní kí n yan èyí tí ogójì àlejò máa fi jẹ ẹja díndín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí mo bá yàn án re, mo bọ́ lọ́wọ́ abọ́ fífọ̀ nìyẹn. Bí ó bá wọ́, kí n gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ariwo ló gbé Màmá wọlé. Ọ̀gá ní kó dá afọbọ́ padà sídìí abọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá tu súwíìtì ẹnu wọn dànù ná."

Alásè rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò. Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti jáwọ́ nínú sìgá, súwíìtì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí ó bá tiẹ̀ ń tọ́ ọtí wò. Kò sí wáìnì tí kò ní ṣúgà tí kì í kọ̀. Ọ̀gá ní òun ti ń tọ́ ọtí wò kí wọ́n tó bí mi. Mo ní mo gbà, àfi kó má lọ jẹ́ súwíìtì ìgbà yẹn ló ṣì wà lẹ́nu wọn.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ súwíìtì kan nínú àpò Ọ̀gá, ó lá a, ó mu wáìnì náà, ojú rẹ̀ hunjọ. Ó wá fi omi ṣan ẹnu, ó jẹ ẹja gbígbóná oníyọ̀, ó tún mu ún. Ó ní wáìnì náà fọ òróró kúrò láhọ́n òun.

Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, kò ní ṣúgà tó máa sá pamọ́ sí, wáìnì tó ń sojú abẹ níkòó ni. Ó bá adìyẹ díndín lọ, ó bá wàràkàṣì oníyọ̀ lọ, àmọ́ kẹ́ẹ̀kì olóyin á pa á kú.

Màmá yíjú sí Ọ̀gá. "Tu súwíìtì yẹn, ṣan ẹnu, jẹ ẹja, kí o mu ún. Bí ó bá ṣì jẹ́ ọtí kíkan, má mu ún tán, kí ọmọ yìí padà sídìí abọ́ títí ayé. Bí o bá mu ún tán, kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí tó wà ní ìbàdí rẹ di tirẹ̀." Ó bi mí bóyá mo gbà. Mo ti gbà kó tó pa ẹnu dé.

Mo da gbogbo ìyókù ìgò náà sínú ife Ọ̀gá. Ó ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bu ẹja sẹ́nu, ó yínmú, ó gbé ife, ó mu díẹ̀. Ó tún bu ẹja. Ó tún mu. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, egungun ló kù nínú abọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, kò wojú ẹnikẹ́ni, ó na ife òfìfo sí mi.

Mi ò gba ife.

"Ọ̀gá, ọtí kíkan yín ti tán nínú ìgò. Ẹ tú kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi, kí n lọ mú òmíràn wá fún yín."