Ilẹ̀kùn Ìyàwó Atukọ̀

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i tán. Ìdajì ni mo fẹ́."

Oníṣẹ́ ọnà tí ìgbìmọ̀ ìrántí rán wá kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó ń fi téèpù wọ̀n ọ́n láti òkè délẹ̀. Ìyàwó Atukọ̀ di ilẹ̀kùn náà mú bó ti wí. Orúkọ tí àdúgbò ń pè é nìyẹn, bí gbogbo orí rẹ̀ tilẹ̀ ti funfun, tí atukọ̀ tí í ṣe ọkọ rẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ òkun láti ìgbà ogun. Bọ́ǹbù ló ba ọkọ̀ wọn lójú omi. Wọn kò rí òkú ẹnì kankan gbé wálé.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kì í tì í?"

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ mi nìyẹn lórí ìṣó. Ó gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ. Bó bá wá dé, tó bá ilẹ̀kùn ní títì ńkọ́? Ṣé ojú fèrèsé ni kó gbà wọlé bí olè ni?"

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Atẹ́gùn òkun ń ti ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà, bí ẹni pé ẹnìkan wà lóde tó ń tọrọ àyè.

"Irú ilẹ̀kùn yìí gan-an ni n óò fi idẹ ṣe," ó wí. "Yóò ṣí sílẹ̀ díẹ̀, yóò kọjú sí òkun. Orúkọ gbogbo àwọn tó bá ọkọ̀ náà lọ ni yóò wà lára rẹ̀."

Inú Ìyàwó Atukọ̀ dùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá a ṣí," ó wí. "Ẹ bá mi ṣí i."

Ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yàn fún ìrántí náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àna alága ìgbìmọ̀ sì ti da tirẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Kí a tó mọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń yọrí níbẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló wá bá opó náà, lọ́fínńdà rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Màmá wa, iyì ńlá ló kàn yín. Ojú ibi tí ilé yín wà yìí ni a óò gbé ìrántí sí. Ilé náà kàn máa kúrò díẹ̀ ni."

Láyé tèmi, n kò tíì rí ilé tó kúrò díẹ̀ rí.

"Bí ilé bá kúrò, ibo ni ọkọ mi yóò ti bá mi?"

"Ọkọ yín ti kú, Màmá."

"Ẹ ò sin ín. Èmi náà ò sin ín."

Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Yàrá kan wà fún un lẹ́yìn ìlú, ó ní, kó má fàáké kọ́rí nítorí ilé pákó.

Oníṣẹ́ ọnà gbọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ó dùn ún lóòótọ́, kò kàn dùn ún tó kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé yìí kò gbà, katapílà sì wó o náà. Kọ́kọ́rọ́ orí ìṣó nìkan ni obìnrin náà sáré wọlé lọ mú. Orí ilẹ̀kùn rẹ̀ àtijọ́, tí iyọ̀ òkun ti jẹ ọ̀dà rẹ̀, ni àwọn lébìrà ti po kọnkéré ìpìlẹ̀ ìrántí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, alága sọ̀rọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "A kò ní ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ wọn láé!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Opó náà dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, torí wọn kò gbé àga sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn idẹ náà. Kò mira. Ó fi èjìká tì í.

"Màmá, kì í ṣí o," ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wí. "Kọnkéré ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ibo wá ni wọn yóò gbà wọlé?"



Láti ọjọ́ náà ni opó náà ti ń wá jókòó ti ilẹ̀kùn idẹ náà nírọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàròyé pé ìyá àgbà kan ń ba fọ́tò àwọn jẹ́. Alága ní kí wọ́n fi irin yí ìrántí náà ká, kí wọ́n sì máa fi àgádágodo tì í bí oòrùn bá ti wọ̀. Ọlọ́dẹ ń tì í bí wọ́n ti ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń gbọ́ tí nǹkan ń kan idẹ náà láti apá òkun, kó, kó, kó. Ìyàwó rẹ̀ ní atẹ́gùn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọlọ́dẹ tún bá Ìyàwó Atukọ̀ lẹ́nu irin náà, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ dán àgádágodo wò. Kò wọ̀ ọ́. Ó yí i padà, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, síbẹ̀ nǹkan ń kan idẹ náà, kó, kó, kó.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, olówó orí mi," ó wí láti àárín irin. "Kọ́kọ́rọ́ yín wà lọ́wọ́ mi."