Nápíkìn Ọmọ Alágbàfọ̀

"Ẹ wò ó! Ẹ wo ìdí ọmọ mi, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀!"

Báláú ló ń lọgun bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Alágbàfọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Báláú, torí aṣọ funfun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, báláú ló ń funfun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ oníbàárà ló ń bí i nínú láàárọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́rin, ló na ẹsẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń ké kíkan kíkan. Ìdí ọmọ pọ́n fòò. Ibi tí itan ti pàdé ìdí ti bó, ó ń ṣomi.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ò gbójú sókè. Ó ń fi òwú àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mò ń tọ́jú ẹ̀," ló wí.

"Fíìmù lẹ̀ ń tọ́jú! Ẹ ẹ́ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀, ọmọ á tọ̀, á yàgbẹ́, á wà nínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú o, Mọ́mì, mi ò rí yín fín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ò mọ́."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ní òun ò rí ìyá ìyàwó òun fín ló sọ ọ́ lójú ara rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Obìnrin tó bí mẹ́fà, tó tọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè! Màmá rọra gbé òwú sílẹ̀. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ tí kò fẹ́ rà.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ni kó wá máa tọ́jú ọmọ ẹ̀. Mò ń padà sílé mi lónìí."

Bí ìyàwó ṣe jáde láti inú yàrá nìyẹn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìsinmi ìbímọ rẹ̀ parí, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé òun ò fẹ́ kó máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò dúró ti ọmọ.

"Bàbá Ìkókó, kí lo sọ fún ìyá mi?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Gbọ́ o. Bí ìyá mi bá fi lè jáde nílé yìí, èmi àti ọmọ mi là ń tẹ̀lé wọn. Kí o wá fi áyọ́ọ̀nù ẹ ṣaya."

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ yìí gún Báláú láyà. Ṣùgbọ́n ìjà tó wà láàárín òun àti Màmá kì í ṣe tòní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tó bá Màmá níbẹ̀ tó ń tún nápíkìn tí òun Báláú ti fọ̀ ṣan nínú omi mìíràn. Ó bi í léèrè, Màmá ní ọjọ́ tí òun ti dé lòun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí Báláú dé góńgó. Aṣọ tí gbogbo àdúgbò ń gbé wá fún un, tí àwọn ọlọ́fíìsì ń sanwó rẹ̀, ìyá àgbà kan wá ń fọ̀ ọ́ tẹ̀lé e! Ó ní bóyá Màmá fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn, ó kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nápíkìn kan omi mọ́ lẹ́yìn òun. Òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń sá a, òun ló ń lọ̀ ọ́, tó ń ká a léra wọn bí ìwé. Màmá gbà, kò jà.

"Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan," Báláú wí. "Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì là ń lọ. Kó dájọ́ wa. Ẹni tó bá jẹ̀bi á mọ̀ pé òun jẹ̀bi."

"Ó dáa," Màmá tún wí.

Ìyàwó ní láti lọ síbi iṣẹ́. Ó fi ẹnu ko ọmọ lórí, kò wo ọkọ. Báláú ṣa nápíkìn mẹ́fà tó mọ́ jù, ó kó wọn sínú ọ̀rá. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn. Òun àti Màmá rìn dé ilé ìwòsàn láìbára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún títì, ọ̀kan lápá òsì.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin àgbàlagbà tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá ò tíì jókòó tán tí Báláú ti gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ bá wa dá sí i, mà. Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń rí gbogbo ẹ̀. Wọn kì í pààrọ̀ ọmọ yìí bó ṣe yẹ."

Nọ́ọ̀sì gba ọmọ. Ó tú ọmọ, ó wo ìdí rẹ̀, ó ṣíjú sí Màmá.

"Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ pààrọ̀ ẹ̀ lánàá?"

"Mọ́kànlá. Bó bá ti tutù báyìí ni mo máa ń yọ ọ́."

"Ẹ̀ ń fi ọ̀rá tàbí rọ́bà lé e?"

"Ooru á pa á. Rárá."

Nọ́ọ̀sì gba ọ̀rá lọ́wọ́ Báláú. Ó yọ nápíkìn kan, ó gbé e símú, ó sì fajú ro.

"Ta ló fọ èyí?"

Báláú na àyà. "Èmi ni, mà. Iṣẹ́ mi ni. Alágbàfọ̀ ni mí."

"Ó funfun o!" obìnrin kan wí lórí bẹ́ǹṣì. "Ọkọ tó ń fọ nápíkìn! Ẹ bá wa bá tèmi sọ̀rọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Báláú náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń dán. Nọ́ọ̀sì bu omi mímọ́ sínú básíà, ó ki nápíkìn bọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbo ó lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Omi dúdú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìhó ọṣẹ bo ojú básíà.

"Yéè!" obìnrin orí bẹ́ǹṣì wí. "Ṣé ẹ fi ọṣẹ sí i ni?"

"Mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Ọṣẹ ti wà nínú básíà yín tẹ́lẹ̀ ni," Báláú wí.

Nọ́ọ̀sì da omi nù, ó ṣan básíà lójú rẹ̀, ó bu omi mìíràn, ó tì í sí i níwájú. "Ẹ gbà. Ẹ ṣe é fúnra yín."

Báláú mú èkejì. Ó gbo ó. Omi hó. Ó mú ẹ̀kẹta, kó má baà jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n di rìkíṣí mọ́ òun. Ó hó. Òórùn bílíìṣì wá fẹ́ yẹ́ẹ́ sí i nímú, òórùn tó ti mọ́ imú rẹ̀ lára débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ṣan án?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Tòun ti bílíìṣì?"

Kí ni yóò wí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ oníbàárà nìyẹn. Omi kan, sítáàṣì, áyọ́ọ̀nù gbígbóná, lọ́fíńdà díẹ̀, ó parí. Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

"Ṣẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí nápíkìn," nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ á tọ̀ sí i, ọṣẹ àti bílíìṣì tó gbẹ sínú ẹ̀ á tún jí, á máa jẹ ọmọ lára. Ẹ fi bílíìṣì sílẹ̀. Ẹ ṣan án títí omi á fi mọ́, kí ẹ sá a sóòrùn. Ẹ máa tú ìdí ọmọ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ìpara yìí rèé, kí ẹ máa fi pa á lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Bó bá lé ròrò, tàbí tí ara ẹ̀ bá gbóná, ẹ tètè gbé e padà wá." Ó na ìpara náà sí Màmá. "Ṣé bó ṣe rí nìyí látìgbà tí wọ́n ti bí i?"

"Rárá," Màmá wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kí ló yí padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn?"

Báláú yíjú sí Màmá. Àsìkò Màmá nìyí, kó da ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́. Ṣùgbọ́n Màmá gbé ọmọ lé èjìká, ó ní, "Ẹ bi bàbá ẹ̀."

"Mi ò mọ̀," Báláú wí.

Irọ́ gbuu! Ó sì mọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pé irọ́ ni. Lójú ọ̀nà, Màmá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. "O ò mọ̀," ló wí, kò sì wo apá ibi tó wà.

Nígbà tí ìyàwó máa fi dé ní ọ̀sán, tó tọrọ ààyè wákàtí kan níbi iṣẹ́, Màmá ti wọṣọ ìrìn-àjò. Ọmọ sùn mọ́ ọn láyà.

"Mọ́mì, kí ni wọ́n sọ?"

"Bi ọkọ ẹ."

Ìyàwó yíjú sí i. Báláú tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Ọṣẹ ni," ló wí. "Wọ́n ní... wọ́n ní ọṣẹ yẹn ò bá a lára mu. Ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Ọṣẹ? O bú ìyá mi láàárọ̀, ọṣẹ ló wá jẹ́?"

Màmá gbá ọmọ mọ́ra. Ó kàn dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ibi tó ti dìde ni ọmọ ti tọ̀, ìtọ̀ náà kan ojú egbò, ó sì fi ariwo bọ ẹnu. Ẹ̀yin ọlọ́mọ, ẹ mọ igbe ìrora, ó yàtọ̀ sí ti ebi. Gbogbo ara rẹ̀ le gbandi. Nápíkìn tó wà ní ìdí rẹ̀, Báláú ló lọ̀ ọ́; kò sí irú mìíràn nílé.

"Èmi ni!" Báláú wí. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. "Mi ò ṣan ọṣẹ kúrò. Mọ́mì ló ń ṣan án lẹ́yìn mi, ìdí ọmọ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣan án mọ́. Mo purọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo sì ń purọ́ fún ìwọ náà báyìí."

Ìyàwó sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ó gba ọmọ, ó já nápíkìn kúrò ní ìdí rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí," Báláú wí. Ojú ń tì í débi pé ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi ṣan án."

"Mi ò ní ṣan án."

Ó parí, Báláú rò nínú ara rẹ̀.

"Ìwọ lo máa ṣan án," Màmá wí. "Kó gbogbo ẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé. Báyìí báyìí."

Ó kó wọn, mẹ́rìnlélógún, gbogbo lílọ̀ tó lọ̀ wọ́n di asán. Oníbàárà kan ń pè é níwájú ṣọ́ọ̀bù pé ṣẹ́ẹ̀tì òun dà, ìyàwó ló lọ dá a lóhùn. Màmá gbé àpótí sí abẹ́ òjìji ògiri, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó tú ìdí rẹ̀ sí atẹ́gùn. Báláú tẹ àwọn nápíkìn bọ omi. Omi kìíní hó bí ẹni ń fọṣọ. Ó dà á nù, ó pọn mìíràn. Omi kejì ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn ń dùn ún, omi náà sì mọ́ lójú tirẹ̀, ó wá mú nápíkìn kan pé kóun fún omi rẹ̀ dànù.

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú básíà dáadáa.

"Tún un ṣan," ló wí.