Àpótí Onílà Mẹ́wàá

Káfíńtà ni ọkọ mi, kò sì lè rí pákó kó má fá a. Bó bá jókòó ti tábìlì nílé onílé, ọwọ́ ẹ̀ á ti máa wá ibi tí kò dán kiri. Níwájú ẹ̀, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe yẹ. Àmọ́ kò sí níbí báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ikán ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n jẹ ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn yàrá tí màmá mi gbé kí wọ́n tó kú, ọkọ mi sì yọ ọ́ láti fi tuntun sí i. Apá òkè ṣì le koko, ibẹ̀ sì ni màmá mi ti máa ń wọn ọmọ wa obìnrin, Agùntáṣọọ́lò, bí wọ́n ṣe ń pè é. Láti ọdún méjì títí ó fi pé méjìlá, bí ọjọ́ ìbí ẹ̀ bá ti pé, wọ́n á yọ pẹ́ńsù létí ọkọ mi, wọ́n á ní kó nàró dáadáa, wọ́n á fa ìlà sókè orí ẹ̀. Wọn ò mọ̀wé, torí náà àwòrán ni wọ́n ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà: báàgì fún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, òbíríkítí kékeré fún ọdún tó káyín. Kò sí ibòmíràn láyé yìí tí wọ́n ti kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ọmọ ọ̀hún ti di ẹni ọdún méjìlélógún. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́n gbà á síṣẹ́ nílùú tó jìnnà, ọjọ́ Àìkú ló sì ń lọ.

“Bàbá ẹ̀,” mo ní, “ẹ bá mi fi pákó yìí kan àpótí fún un, kó máa kó ohun tó bá fẹ́ tọ́jú sí. Kí ìlà wọ̀nyẹn wà nínú ẹ̀. Bó bá ti ń ṣí i, á máa rí ìyá àgbà ẹ̀.”

A jọ ya á sẹ́yìn páálí. Mo ní kó tóbi. Ó ní ṣé ilé ni ọmọ fẹ́ gbé lọ ni, àfi kó wọ inú báàgì. Mo ní kó ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń sọ fún olè pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo gbà fún un. Yàrá méjì nínú, ìdérí kan, kí eyín pákó wọnú ara wọn láìkan ìṣó.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé tíì lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé. Pákó wà lórí tábìlì, ó ń dán gbinrin. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn.

“Ìlà dà?”

Ọkọ mi wo pákó, ó wo ìfági ọwọ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà. “Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ fá a ni,” ó ní. Ogójì ọdún ló ti ń ṣiṣẹ́ yìí, bó sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ti ṣe é tán kí orí tó rántí.

Ẹ má bi mí ní ohun tí mo sọ. Bí wọ́n bá kó o sínú àpótí, ìdérí ò ní pa dé. Ó wá lóun ń pẹ̀tù sí mi nínú, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ní kó dákẹ́ jọ̀ọ́, agbè gan-an ló fọ́. Mo jókòó, mo sunkún bí ẹni pé ìgbà yẹn ni màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ó fi ìka kan ẹnu ìfági ẹ̀. “Ìfági mi mú. Ńṣe ló ń ká èérún jáde pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tó wà lára pákó ò parẹ́, ara èérún ló wà.”

“Èérún ọ̀hún dà?”

Ó wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti kó o lọ. Mo mọ ibi tí èérún wa ń lọ. Ìyá Aládìyẹ, aládùúgbò wa, ló ń wá kó o láràárọ̀, òun ló fi ń tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn adìyẹ ẹ̀.

Nígbà tá a débẹ̀, ó ti da àpò náà sílẹ̀, àwọn òròmọdìyẹ sì ti ń tú u ká. Tọkọtaya wa kúnlẹ̀. Ìyá Aládìyẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. “Mo ti rí ẹni tó ń jí adìyẹ gbé,” ó ní, “mi ò tíì rí ẹni tó ń jí ibùsùn adìyẹ.” Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ká aṣọ ẹ̀ sókè, ó bá wa kúnlẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan. Ó rọra tú u, òbíríkítí kékeré ló wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mò ń bá a jà.

Mẹ́wàá la rí. Láti ọdún méjì dé méjìlá, mọ́kànlá ló yẹ kó jẹ́. A fi àwòrán tò wọ́n, ti ọdún keje ni kò sí. A wá a títí àwọn adìyẹ fi wọlé sùn. Mo padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé adìyẹ ti gbé e mì.

Àpótí náà dára, mi ò ní torí ìbínú parọ́. Irun orí ò lè gba àárín eyín pákó ẹ̀ kọjá. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn èérún náà sínú ìdérí, láti orí ìlà ìsàlẹ̀ dé tòkè, ó sì fi àyè ìka kan sílẹ̀ fún ọdún keje. Àyè yẹn nìkan lojú mi ń rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, báàgì ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí àpótí. Ó fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, omi lé ròrò sí i lójú. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Ọ̀kan sọnù,” mo ní. “Ti ọdún keje. Bàbá ẹ fá a dànù, adìyẹ jẹ ẹ́.”

Ó wò wá. “Kò sí nǹkan tó sọnù, Màámi. Ṣé ẹ rántí àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún yẹn? Nígbà tí ìyá àgbà wọ̀n mí, mi ò ga ju ti ọdún kẹfà lọ. Mo sunkún, mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi fa ìlà sókè díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní parọ́ fún pákó, wọn ò sì fa ìlà kankan. Wọ́n ní kí Agùntáṣọọ́lò àwọn lọ máa jẹun, àwọn á dúró dè mí.”

Ọkọ mi wò mí, ó rántí ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi bá adìyẹ du ilé, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa èmi náà títí omi fi jáde lójú mi. Ọdún mẹ́wàá tí màmá mi ti lọ, mo rò pé mo ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní í sọ tán.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí bàbá ẹ̀ tó gbé báàgì jáde.